Àna Tó Fọ Ọkọ̀ Bámbọ̀

Ṣé ẹ mọ ohun tó fà á tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé àlejò ní ojú, kò fi ríran? Ẹ má tíì dáhùn. Ẹni tó bá ní torí pé àlejò kò mọ ọ̀nà ìlú ni, kò tíì gbọ́ ohun tí ojú Tíṣà Ògúnnáìkè rí ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ká ní ó gbọ́ ni, inú ì bá bí i, bó ṣe yẹ kó bí ẹnikẹ́ni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Tíṣà fi kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ ọwọ́ nílé ẹ̀kọ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó ti ọpọ́n ayò, òun bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ kéékèèké. Yéwándé ọmọ rẹ̀ ló máa ń fi páálí ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó. Bẹ́ ẹ bá ṣí páálí náà, ẹ ó rí awẹ́ ọkọ̀ wẹ́wẹ́ tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá rọ́bà bí egungun ẹja. Tíṣà á fi abẹ gé wọn, á fi sáńpépà ha wọn, á fi gúlúù lẹ̀ wọ́n pọ̀, á sì kùn wọ́n ní ọ̀dà. Ìwọ̀n ni gbogbo rẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà kan lára ọkọ̀ gidi, ààbọ̀ íńṣì ni lára tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni iṣẹ́. Ta ni kò lè kun ọkọ̀ kó máa dán? Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni kéèyàn mú ọkọ̀ tuntun, kó sọ ọ́ di ògbó, kí ẹni tó bá rí i lè búra pé ó ti gbé gẹdú láti inú igbó dé Ṣàgámù ní ìgbà ẹgbẹ̀rún. Ọkọ̀ kan ṣoṣo sì ni Tíṣà fẹ́ sọ di ògbó lọ́dún náà: ọkọ̀ Adébámbọ̀, àbúrò rẹ̀.

Ọdún méjìlélógún ni Bámbọ̀ fi wa ọkọ̀ agbégi. Àìsàn ọjọ́ mẹ́ta ló mú un lọ. Kí wọ́n tó ṣe ogójì ọjọ́ rẹ̀, ẹni tó ni ọkọ̀ ti tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, wọ́n sì ti gé e wẹ́wẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, irú ìwà wo nìyẹn? Àwòrán ọkọ̀ náà kan kò sí nílẹ̀. Ohun tó kù kò ju èyí tó wà lójú Tíṣà lọ. Àwọn awakọ̀ agbégi wá ṣe àpótí onígíláàsì sínú ọ́fíìsì ẹgbẹ́ wọn, wọ́n ní lọ́jọ́ Sátidé tí wọn ó ṣe ìrántí ọdún kan ikú rẹ̀, àwọn ó wá gbé ọkọ̀ kékeré náà síbẹ̀, kí Bámbọ̀ má baà parẹ́ láàárín àwọn.

Oṣù mẹ́jọ ni Tíṣà fi ṣe ìdọ̀tí. Bẹ́ẹ̀ ni, ìdọ̀tí! Ó kọ́kọ́ kun ilẹ̀kùn òsì ní àwọ̀ ìpẹtà, ó fi omi lẹ iyọ̀ mọ́ ọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó kun ọ̀dà àwọ̀ ewé lé e. Nígbà tí ọ̀dà gbẹ, ó ha iyọ̀ kúrò, ìpẹtà sì yọjú níbi tó ti máa ń yọjú gan-an. Ó tẹ bọ́ńpà níbi tí kùkùté ìrókò ti gbá a, ó sì fọ́ iná iwájú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ó lọ bu ilẹ̀ pupa níbi tí Bámbọ̀ ti máa ń gúnlẹ̀, ó fi gèlè àtijọ́ ìyàwó rẹ̀ jọ̀ ọ́, ó fi búrọ́ọ̀ṣì lẹ̀ ẹ́ mọ́ táyà. Ó wá ku etí fèrèsé awakọ̀, ibi tí Bámbọ̀ ti máa ń gbé ìgúnpá lé bó bá ń wakọ̀: Tíṣà fi orí abẹ́rẹ́ ha ọ̀dà ibẹ̀ títí ó fi rí bí irin tí awọ ènìyàn ti fi ogún ọdún nù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ku ọjọ́ mẹ́rin, ni àlejò dé láti Abẹ́òkúta. Alàgbà Ṣówándé ni, ẹ̀gbọ́n ìyàwó Tíṣà. Wólé-wólé ni Alàgbà kó tó fẹ̀yìn tì, àwọn tí ìjọba máa ń rán kiri ojúlé láti wo ìdọ̀tí. Kò tíì jẹ́ kí wọ́n kí òun tán tó fi ṣí dúróòmù omi, ó ní òun ń wo tanwíjí.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, Tíṣà wọ yàrá, ó rí i tí táyà ọkọ̀ Bámbọ̀ dúdú minijọ. Ilẹ̀ pupa kò sí níbẹ̀ mọ́.

“Àna mi,” ni Alàgbà wí, tí aṣọ ìnulẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, “mo bá yín nu ohun ìṣeré yín. Eruku ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e mì.”

Ohun ìṣeré! Ó ku díẹ̀ kí Tíṣà bú u. Ṣùgbọ́n àna ni. Ẹni tó fa ìyàwó yín lé yín lọ́wọ́, ẹ kì í bú u, ìdọ̀bálẹ̀ ni ẹ ń dọ̀bálẹ̀ fún un. Tíṣà dọ̀bálẹ̀. “Ẹ ṣeun, sà. Ẹ kú iṣẹ́.”

Àṣìṣe ńlá nìyẹn. Ẹni tí a bá dúpẹ́ oore àná lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé kò ní í ṣe tòní?

“Ẹ sọ fún un,” ni ìyàwó rẹ̀ wí nínú ilé ìdáná.

“Kí n sọ kí ni, Ìyá Yéwándé? Kí n sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé kó dá ìdọ̀tí mi padà? Ìwọ ni kí o sọ ọ́.”

“Èmi? Ẹni tó tọ́ mi dàgbà! Ẹ gbé ọkọ̀ yín pamọ́ o jàre.”

Tíṣà gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ọjọ́bọ̀ ni Alàgbà gun àga lọ wo orí kọ́bọ́ọ̀dù, nítorí ibẹ̀, ó ní, ni èkúté máa ń bímọ sí. Nígbà tí Tíṣà fi máa tibi tó lọ dé, ọkọ̀ ti wà nínú abọ́, ọṣẹ ń hó lé e lórí, ìpẹtà oṣù mẹ́jọ ti bá omi lọ.

“Kànrìnkàn kò ráyè wọ kọ̀rọ̀ rẹ̀,” ni Alàgbà wí. “Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín aláwọ̀ pupa tí mo bá nínú kọ́ọ̀pù ni mo wá fi fọ̀ ọ́.”

Ti Tíṣà ni búrọ́ọ̀ṣì pupa náà. Ó dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ kò kanlẹ̀. “Ẹ ṣé,” ló wí. Kò fi “sà” sí i.

Ó tún gbé ọkọ̀ náà pamọ́, ó rì í mọ́ inú gààrì nínú agolo ńlá. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: ta ló ń fi ohun kan pamọ́ sínú oúnjẹ fún wólé-wólé? Ọjọ́ Ẹtì, Tíṣà jáde lọ ṣètò àga fún ìrántí. Nígbà tó padà dé, ọkọ̀ náà wà lórí tábìlì lórí ìwé ìròyìn. Alàgbà ti fi ẹ̀mú na bọ́ńpà. Ó ti fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe iná iwájú tó ti fọ́. Ó sì ti fi ọ̀dà tó ṣẹ́kù lára géètì kun gbogbo rẹ̀, láti orí dé táyà, ní búlúù tó ń dán bíi bàtà ọkọ ìyàwó.

Lọ́jọ́ náà, Tíṣà kò dọ̀bálẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń wo ọkọ̀ náà. Alàgbà rò pé ayọ̀ ni.

“Ẹ má wulẹ̀ dúpẹ́,” ló wí. “Àlejò tó lo ọjọ́ mẹ́ta tí kò fọwọ́ kan iṣẹ́, ọ̀lẹ ni.”

Sátidé pé, àwọn awakọ̀ dé, àwọn mẹ́fà. Bàbá Òkúnúgà, alága wọn, ló ṣíwájú. Ó tẹjú mọ́ ohun tó wà lórí tábìlì.

“Tíṣà, ta ló ni èyí?”

“Ti Bámbọ̀ ni.”

“Bámbọ̀ wo?”

“Èyí mọ́ ju Bámbọ̀ fúnra rẹ̀ lọ,” ni ọ̀kan wí.

“Búrẹ́dì ni wọ́n ń fi èyí gbé,” ni èkejì wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ nílẹ̀, nítorí pé wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti múra, wọ́n sì ti nu gíláàsì àpótí náà de ọ̀rẹ́ wọn.

Bàbá Òkúnúgà mi orí. “Tíṣà, ẹ má bínú. A kò lè gbé ọkọ̀ oníbúrẹ́dì sí àyè Bámbọ̀.”

Ìbínú Tíṣà bẹ́. Ó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún Alàgbà, nítorí pé àna ni àna ń jẹ́. Orí ìdọ̀bálẹ̀ náà ló wà tó fi ké tantan. “Ẹ̀yin àna mi! Oṣù mẹ́jọ! Ẹyọ iyọ̀ kọ̀ọ̀kan! Àbúrò mi lẹ fi ọṣẹ fọ̀, búrọ́ọ̀ṣì eyín mi lẹ sì fi fọ̀ ọ́! Ṣé ẹ kò rí i ni? Ṣé ẹ kò rí nǹkan kan lára rẹ̀ ni?”

“Ta ni kò rí?” Inú bí Alàgbà náà. “Èmi, wólé-wólé?” Ó fa ìwé kékeré kan yọ lápò, ó gbé awò sójú, ó ń kà á bí ẹni tó wà níwájú adájọ́. “Ọjọ́rú. Ilẹ̀ pupa, táyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ti ẹ̀yìn nípọn ju ti iwájú lọ.”

“Ẹ̀yìn ló máa ń rì,” ni awakọ̀ kan wí jẹ́jẹ́. “Ìgbà mélòó ni mo ti bá a tì í!”

“Ọjọ́bọ̀. Ìpẹtà, ilẹ̀kùn òsì, ó tó èékánná ọmọdé. Ọjọ́ Ẹtì. Bọ́ńpà tó tẹ̀, iná iwájú tó fọ́, apá ọ̀tún.”

“Kùkùté ìrókò yẹn! Bámbọ̀ bú u fún odindi wákàtí kan,” ni awakọ̀ mìíràn wí.

“Ọ̀dà tó bó, etí fèrèsé awakọ̀, ó gùn tó hóró ìrẹsì mẹ́ta.”

Bàbá Òkúnúgà ṣí fìlà. “Ìgúnpá Bámbọ̀ nìyẹn,” ló wí.

“Mo ti fi ọ̀dà dí i,” ni Alàgbà wí.

Bàbá Òkúnúgà kọjú sí Alàgbà. “Kò sí ohun tí ojú yín kò tó, Bàbá,” ló wí. “Ojú lẹ ní o. Ẹ ò kàn fi ríran ni.” Ó yíjú sí Tíṣà tó ṣì wà nílẹ̀. “Ẹ dìde, Tíṣà. A fún yín ní ọ̀sẹ̀ méjì.”

Ojú ti Alàgbà. Ó ní òun kò ní í lọ títí ohun tí òun bà jẹ́ á fi dára. Ó jókòó ti Tíṣà, ó ń ka ìwé rẹ̀, Tíṣà sì ń fi kẹrosíìnì ṣí ọ̀dà géètì. Iyọ̀ padà, ilẹ̀ pupa padà. Kò sí ọ̀gá tó le tó Alàgbà. “Èékánná ọmọdé ni mo kọ síbí,” á wí. “Èyí jẹ́ ti àgbàlagbà. Ẹ tún un ṣe.” Ìgbà mẹ́ta ló dá etí fèrèsé padà kó tó gbà pé ó gùn tó hóró ìrẹsì mẹ́ta.

Ọ̀sẹ̀ méjì pé. Àwọn awakọ̀ dé, wọ́n wò ó. Ọ̀kan fi ìka kékeré kan etí fèrèsé náà, ó sì sáré jáde lọ fun imú. Bàbá Òkúnúgà na ọwọ́ méjèèjì láti gbé ọkọ̀ náà.

“Ẹ dúró ná,” ni Alàgbà wí. Ó fi ìwé rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó sàmì sí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó ṣí awò kúrò lójú, inú rẹ̀ dùn gidigidi. “Ó pé. Gbogbo ìdọ̀tí tí mo rí lára rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ẹyọ kan kò dín.”

Ó wá ká ọwọ́ agbádá rẹ̀ lé èjìká.

“Ó yá, Ìyá Yéwándé, bu omi wá. Ta ló mọ ibi tí ọṣẹ wà?”

Ẹni tó bá tún bi yín léèrè, ẹ sọ fún un pé Ìjẹ̀bú-Igbó ni ó ti ṣẹlẹ̀. Àlejò ní ojú. Ó ní awò, ó ní ìwé, ó ní gègé. Kò fi ríran.