Ọjọ́ Tí Kọ̀ǹpútà Ìyàwó Mi Kò Rí Waifáì

Ọjọ́ Ajé kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Bí mo tilẹ̀ fẹ́ gbàgbé rẹ̀, ìyá ìyàwó mi ò ní gbà. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá ìyàwó mi lẹ́nu wò fún ipò igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé. Orí kọ̀ǹpútà ni wọn yóò ti bá a sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn kò gba fóònù. Láti ìgbà tí Tolú ọmọ wa ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi ló ti ń retí ipò yìí. Tolú ti wọ pólì báyìí.

Nítorí rẹ̀ la ṣe ra kọ̀ǹpútà alágbèéká. Tuntun lójú wa ni o, tòkunbọ̀ ni. A dán an wò ní Sátidé, waifáì ilé wọlé wẹ́rẹ́. Ọjọ́ Àìkú, a gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ìdúpẹ́ bí ìṣe ilé wa, àlùfáà gbàdúrà lé e lórí. Ìyá ìyàwó mi, tó wá kí wa ní Ọ̀fà láti Ilemona, ló ṣe àmín tó ròkè jù. Mo ní kí ìyàwó mi fọkàn balẹ̀, kó fi ọ̀rọ̀ waifáì sílẹ̀ fún mi. Ṣé èmi ni mò ń tún gbohùngbohùn ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ń pè mí ní Enjinníà. Iṣẹ́ mi gan-an, fáìlì ni mò ń tò ní ọ́fíìsì ìjọba.

Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ nígbà tí mo tan kọ̀ǹpútà. Kò rí waifáì kankan. Mo pa ráútà, àpótí kékeré tó ń pín waifáì kiri ilé, mo tún tàn án. Kò rí i. Mo gbé kọ̀ǹpútà sún mọ́ ráútà títí àwọn méjèèjì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu konu. Pàbó ni. Ìyàwó mi ní fóònù òun rí waifáì náà o. Mo dá a lóhùn pé fóònù àti kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Mi ò mọ ohun tí mo ń sọ, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ìyá ìyàwó mi, tí wọ́n ń fi àkàrà mu ògì lórí àga, ní, “Daddy Tolú, lánàá ní ṣọ́ọ̀ṣì…”

Mi ò jẹ́ kí wọ́n parí rẹ̀. “Mummy, ẹ jẹ́ ká fi ti ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ ná. Íńtáfíù ló wà nílẹ̀.”

Wọ́n padà sídìí àkàrà wọn.

Ìgbà náà ni mo rántí ihò kékeré kan lẹ́yìn ráútà. Ẹnì kan ti sọ fún mi rí pé tí nǹkan bá le tán, kí n ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Mo tọrọ pínnì tí Mummy fi há ìborùn wọn, mo ki í bọ ihò náà, mo sì tẹ̀ ẹ́ pa. Iná ráútà kú, ó tún tàn, ó sì gbàgbé ohun gbogbo tó mọ̀, àti orúkọ wa àti páásíwọ́ọ̀dù. Fóònù tó ń rí waifáì tẹ́lẹ̀ náà kò rí i mọ́. Dátà wa sì ti tán, nítorí waifáì ilé la gbójú lé. Ìyàwó mi wo aago, ó wá wò mí.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo gbé kọ̀ǹpútà, mo sáré lọ sílé Alhaji aládùúgbò wa, pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé tí mo fi sùn. Ìyàwó mi ń tẹ̀lé mi nínú kóòtù àti bàtà gogoro, Mummy ń bọ̀ lẹ́yìn. Alhaji gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n sì pe páásíwọ́ọ̀dù waifáì wọn fún mi. Kọ̀ǹpútà kò rí ti Alhaji náà. Mo bá la ẹnu mi, mo ní ó jọ pé waifáì wọn kò lágbára tó. Orí waifáì yìí ni ọmọ Alhaji ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ láti òkè òkun lójoojúmọ́. Wọ́n fajú ro.

“Enjinníà, ara waifáì mi le. Ẹ yẹ kọ̀ǹpútà yín wò.”

Ìyàwó mi jókòó ní ìloro, omijé ti gbà á lójú. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìtìjú bò mí. Mummy sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Wọ́n na ìka kan, wọ́n ti súìṣì bíńtín kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Iná kékeré tàn, orúkọ waifáì Alhaji sì yọ gbàgàdà.

“Nígbà tí àlùfáà ní ká pa fóònù wa lánàá, ẹ̀yin lẹ pa èyí,” ni Mummy wí. “Ẹ̀gbẹ́ yín ni mo jókòó sí. Òun ni mo fẹ́ sọ láàárọ̀.”

Òótọ́ ni. Mi ò fẹ́ kí kọ̀ǹpútà pariwo nínú àdúrà. Mo pa súìṣì náà bí ọmọlúàbí, mo sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Ìloro Alhaji ni ìyàwó mi ti ṣe íńtáfíù, tí àgbò wọn ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò bi í pé kí ló ń dún yẹn. Ó ní àgbò aládùúgbò ni, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Èmi Enjinníà wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn àga, mò ń fi èèpo iṣu bẹ àgbò kó pa ẹnu mọ́.

Ó rí ipò náà gbà. Wọ́n ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gorí igi, kò lè rí i. Ọmọdé ọ̀hún nìyí, ẹni àádọ́ta ọdún. Láti ìgbà náà, mo máa ń jẹ́ kí àgbà parí ọ̀rọ̀ kí n tó fèsì. Mummy ti padà sí Ilemona, ṣùgbọ́n bí ìsìn bá ti ń parí lọ́jọọjọ́ Àìkú, fóònù mi á dún.

“Daddy Tolú, ẹ kú ìsìn o. Ṣé ẹ ti tàn án?”

Èmi náà á rẹ́rìn-ín, ojú á sì tì mí díẹ̀. “Mo ti tàn án, Mummy.”