Ọlálérè Di Ògbufọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Cork

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí òtútù ìlú Cork ní ilẹ̀ Ireland ṣe ń mú, ẹ má wulẹ̀ bi Ọlálérè. Yóò ti sọ ọ́ fún yín kí ẹ tó lanu. Tíṣà jọ́gíráfì ni ní Adó-Èkìtì, ó sì lọ fi ọdún kan gba oyè másítàsì ní yunifásítì lọ́hùn-ún. Láti ìgbà tó ti dé, etí ará Adébáyọ̀, àdúgbò rẹ̀, kò sinmi mọ́. Tí iná bá lọ, á ní iná kì í lọ ní Cork. Tí òjò bá rọ̀, á fi àánú wò ó: "Ṣé èyí lẹ ń pè ní òjò?"

Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ìtàn yìí káàkiri báyìí. Ó ní ó sàn kí òun fi ara òun ṣe yẹ̀yẹ́ ju kí ará àdúgbò bá òun ṣe é.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Màmá Modúpẹ́, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, mú ọmọ ọmọ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì tí òun àti Ọlálérè ń lọ ní àdúgbò Òkè-Ìlá. Òkìkíọlá lorúkọ ọmọbìnrin náà. Cork ni wọ́n bí i sí, yunifásítì ibẹ̀ ló sì ń lọ. Pásítọ̀ ní kó gba àwọn ọ̀dọ́ nímọ̀ràn lórí ẹ̀kọ́ òkè òkun. Ọmọ la ẹnu, Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde bí omi ẹ̀rọ tó bẹ́, ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ìjọ ń wo ara wọn.

Kí Pásítọ̀ tó béèrè ògbufọ̀, Ọlálérè ti dé iwájú. "Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi, sà! Gẹ̀ẹ́sì tiwa nìyẹn!"

Ó yọjú wo Dùnmínínú láàárín àwọn akọrin. Ó ti pẹ́ tó ti ń dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́. Kò tíì gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni, kò tíì gbọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Òkìkíọlá sọ̀rọ̀. Ọlálérè tẹ́tí. Ara rẹ̀ bá tutù. Ẹ gbọ́ o: ohun kan tí kò sọ fún ará Adó rí ni pé òun kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ará Cork! Gbogbo ọdún yẹn, orí ló ń mì sí wọn. Ó mi orí fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ó bá ara rẹ̀ létí òkun. Ó mi orí fún bábà, wọ́n fá a kodoro nínú òtútù.

"Ó ní... ẹ máa kàwé dáadáa."

"Àmín!" ni ìjọ.

Ọmọ náà tún sọ̀rọ̀, ó gùn. "Ó ní ẹ má gbàgbé àdúrà."

"Gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, kò ju èyí lọ?" ni Pásítọ̀ béèrè.

"Gẹ̀ẹ́sì Cork máa ń wú ni, sà. Tí ẹ bá fún omi rẹ̀ dànù, díẹ̀ ló ń kù."

Lẹ́yìn náà ló gbọ́ "Shandon". Ha! Èyí yé e! "Ó ní ilé gogoro kan wà ní Shandon, aago wà lójú rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọn kì í ṣìṣe láéláé! Ó tún ní..." ó wo ọ̀dọ̀ akọrin, "ó ní wọ́n ṣì ń dárúkọ mi ní yunifásítì yẹn títí dòní."

Òkìkíọlá fọwọ́ bo ẹnu. Màmá Modúpẹ́ rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi yẹ̀.

"Pásítọ̀, ọmọ yìí gbọ́ Yorùbá o! Mo bá wọn gbé lọ́hùn-ún nígbà tó wà ní kékeré, èmi ni mo ń bá a sọ ọ́. Kò kàn lè fi dáhùn ni. Kíkí, tún un sọ, rọra."

Ọmọ náà rọra sọ ọ́, ìyá àgbà sì túmọ̀: "Aago mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn kì í bára mu. Ìdí nìyẹn tí ará Cork fi ń pe ilé náà ní Òpùrọ́ Olójú Mẹ́rin. Ó ní tí ẹ bá débẹ̀, tí ọ̀rọ̀ wọn kò yé yín, ẹ má tijú, ẹ ní kí wọ́n tún un sọ."

"Àmín!" Àmín yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé. Ọlálérè ní ó ṣe òun bíi pé òun náà ní ojú mẹ́rin, òun kò sì mọ ibi tí òun máa kó wọn sí.

Lẹ́yìn ìsìn, Dùnmínínú dúró dè é níta. "Ṣé o tiẹ̀ dé Cork rárá?"

"Mo débẹ̀."

"Kí lo wá rí?"

"Yàrá mi," ni Ọlálérè wí. "Òtútù kò jẹ́ kí n jáde. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti rí ilé aago yẹn."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó di ẹ̀gbẹ́ mú. Ìrètí bá wọ Ọlálérè lára. Ó sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, ó tún béèrè ìdáhùn rẹ̀. Bí Dùnmínínú ṣe lanu ni jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì bú ramúramù. Ẹnu rẹ̀ ń lọ, ohùn kò jáde. Orí Ọlálérè ti fẹ́ mì, ló bá dá a dúró.

"Jọ̀ọ́, tún un sọ! N kò gbọ́!"

Dùnmínínú pariwo: "Mo ní ẹsẹ̀ mi lo tẹ̀ mọ́lẹ̀!"