Ápù Obrad àti Eré Ìje Inú Awò

Obrad fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ápù kan mọ́ góńgó igi tó ga jù lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó sì búra lójú gbogbo ilé ọtí pé ọkọ ìyàwó tí kò bá fi ìbọn já a bọ́ kò ní mú Dunja, ọmọ òun, kúrò nílé. Àṣà ni, gbogbo bàbá ìyàwó ló ń so ápù. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá yòókù a máa so tiwọn síbi tí ojú ti lè rí i. Dunja náà ti wá là á mọ́lẹ̀: bí Danilo, ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ò bá rí ápù yẹn já lọ́jọ́ Sátidé ìgbéyàwó, ẹ̀yìnkùlé lòun máa gbà tẹ̀ lé e lọ, ẹsẹ̀ òun ò sì ní tẹ ilé bàbá òun mọ́ láéláé. Ohun tó gbé Obrad dé ìlú Čačak nìyẹn, tó fi dúró níwájú Nevena, ọmọbìnrin tó ń yá èèyàn ní eré ìje dírónù, ẹ̀rọ kéékèèké tó ń fò, fún ayẹyẹ. Àgbàlagbà ni Obrad, kò kúkú ní í tú ìdí ọ̀rọ̀ fún ọmọdé lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ káàsán, bàbá. Ẹ jókòó. Ayẹyẹ wo lẹ fẹ́ ṣe?"

"Ìgbéyàwó ọmọ mi. Mo gbọ́ pé o ní àwọn nǹkan kan tó ń fò."

"Mo ní wọn. Eré wọn ò sì kéré."

"Ṣé wọ́n lè fò ga?"

"Wọ́n lè fò kọjá òkè."

"Òkè ti pọ̀ jù. Igi ni mo ń wí." Obrad wo àjà, ó tún wo ilẹ̀. "Bí nǹkan bá wá wà lórí igi ọ̀hún ńkọ́? Ká ṣáà sọ pé èso. Ṣé wọ́n lè ṣèèṣì kọlu èso?"

"Wọ́n máa ń kọlu nǹkan, bàbá, ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀rù. Kò séwu níbẹ̀ rárá."

"Ta ló ń bẹ̀rù? Èwo ló mú jù nínú wọn?"

"Tó mú báwo?"

"Tó ní abẹ níwájú."

Nevena wò ó bí ẹni wo ewúrẹ́ tó yà sí báńkì. Ó fa àpótí kan jáde, ó mú awò ojú dúdú kan tó tóbi bí ìdajì búrẹ́dì níbẹ̀, ó gbé e síwájú rẹ̀.

"Gbogbo rẹ̀ rèé, bàbá."

"Wọ́n kéré tó báyìí?"

"Wọn ò sí rárá. Inú awò yìí ni wọ́n wà. Èèyàn á jókòó, á wọ̀ ọ́, ojú rẹ̀ á máa rí i pé òun ń fò, pé òun ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ òun sáré. Àwọn tí kò bá wọ awò á máa wò wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá. Ṣùgbọ́n lóde níbí, nǹkan kan ò fò."

"Nǹkan kan ò fò."

"Rárá o."

"O wá fẹ́ yá mi ní nǹkan tí kò sí."

"Àwọn èèyàn ń yá a gan-an, bàbá."

"Èmi náà ní màlúù tí kò sí nílé. Mélòó ni kí n mú wá fún ọ?"

Nevena rẹ́rìn-ín. Ó fa àga kan sún mọ́ ọn.

"Bàbá, ápù ni, àbí? Ọmọ abúlé lèmi náà. Ta ló so ó sókè tó bẹ́ẹ̀?"

Obrad yí fìlà rẹ̀ po lọ́wọ́. "Ọtí ló gun igi. Èmi kàn tẹ̀ lé e ni."

"Ẹ tún gùn ún, kẹ́ ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀."

"Lójú ta? Àwọn tí mo búra lójú wọn náà ló gbé àkàbà wá gbé mi sọ̀ lọ́jọ́ yẹn."

"Ọkọ ìyàwó ò mọ ìbọn yìn ni?"

"Eyín ló ń bá èèyàn tún ṣe ní ìlú Novi Sad. Mo gbé ìbọn lé e lọ́wọ́, ó bi mí pé apá ibo ni ọta ń gbà jáde."

"Ẹ ò fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn."

"Ọmọ dáadáa ni. Ibi tó jìn tó ń mú un lọ ni mi ò fẹ́ràn. Inú bí mi, mo wá so nǹkan sókè. Ní báyìí, ọmọ tí mo gbé pọ̀n lẹ́yìn kì í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Bó bá fẹ́ kí n na iyọ̀ sí òun, ajá ló ń bá sọ ọ́, kí n lè gbọ́." Ó dùn ún débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fa fìlà náà ya.

Àánú rẹ̀ ṣe Nevena. "Ẹ gbọ́, bàbá. Mo lè ya ápù sínú awò. Danilo á fò lọ kọlù ú, gbogbo àlejò á pàtẹ́wọ́."

"Torí igi ńkọ́?"

"Á ṣì wà níbẹ̀."

"Ọmọ mi náà á sì gba ẹ̀yìnkùlé."

"Ẹ ṣáà kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ wò."

Ó wọ̀ ọ́. Kò pẹ́ tó fi di tábìlì mú, tó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, tó ń tẹrí ba fún ẹ̀ka igi tí kò sí.

"Ta ni wèrè tó ń wa nǹkan yìí?"

"Ẹ̀yin ni, bàbá. Ògiri wà níwájú. Ẹ yà fún un."

"Kó yà fún mi. Èmi ni àgbà."

"Kò ní í yà o."

"Mo ti kú?"

"Ẹ ti kú lẹ́ẹ̀mẹta."

"Kò sì sẹ́ni tó sunkún."

Ó bọ́ awò náà, ó ń mí hẹlẹ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Àga méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibí yìí dà?"

"Aládùúgbò wa ló wá yá wọn. Ó kí yín pàápàá. Ó tún fo ẹsẹ̀ yín kọjá."

"Mi ò rí ẹnì kankan."

"Ẹni tó bá wọ awò yìí kì í rí nǹkan kan nílé ayé, bàbá."

Obrad tún yí awò náà wò lọ́wọ́. Ìgbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀ bíi ti ẹni tó fẹ́ yáwó.

"Awò yìí, mélòó lo ní?"

"Mẹ́jọ."

"Ó tó. Olófòófó mẹ́jọ péré la ní lábúlé. Àbúrò mi obìnrin ni olórí wọn."

"Àwọn àlejò yòókù ńkọ́?"

"Tẹlifíṣọ̀n ńlá tó o wí yẹn, ẹnu géètì ni kó o gbé e sí, kí gbogbo wọn kọ̀yìn sí igi. Danilo á yìnbọn síbi tó bá wù ú, ìbáà ṣe òṣùpá. Okùn tí mo fi so ápù ṣì ń fì wálẹ̀ lẹ́yìn igi. Bí mo bá ti gbọ́ 'gbòlà', mo fà á."

"Okùn wà níbẹ̀, kí ló dé tẹ́ ò tíì fà á látọjọ́ yìí?"

"Gbogbo abúlé ló ń ṣọ́ ọ. Àwọn kan ti gbé àga síbẹ̀, wọ́n ń jẹun níbẹ̀."

Nevena họ orí. "Ọ̀rọ̀ kan ló kù, bàbá. Bí ojú gbogbo èèyàn bá wà nínú awò àti lára tẹlifíṣọ̀n, ta ni yóò wá jẹ́rìí pé Danilo ló já ápù?"

"Gbogbo wọn ni, ọmọ mi. Lábúlé tiwa, ẹni tí kò sí níbẹ̀ rárá ló máa ń ròyìn jù. Ẹni tó wá wà níbẹ̀, tó kọ̀yìn sí i, á mú ọ lọ́wọ́ lọ síbi tí ọta gbà kọjá."