Bọ́ǹbù Tí Tadao Ń Tọ́jú

Ìrọ̀lẹ́ ni, nínú ilé eré kan nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin Koiwa. Tadao jókòó ti ẹ̀rọ eré tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ òfurufú jagun, èyí tó ti ń bá jà láti ìgbà àpọ́n rẹ̀. Lọ́la ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé ẹ̀rọ náà lọ, ohun kan ṣoṣo ló sì ń dùn ún: kò tíì sọ owó ẹyọ kan péré sínú rẹ̀ kó sì jà á dé òpin rí. Fusae ìyàwó rẹ̀ wọlé, ó gbé ọ̀dùnkún díndín dání.

FUSAE: Bàbá Chigusa, ẹ dìde, oúnjẹ ń tutù.

TADAO: (kò wẹ̀yìn) Rọra! Mo ti dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá àwọn ọ̀tá pátápátá. Ó ku díẹ̀ kó kú, ẹ̀mí kan ló sì kù fún èmi náà.

FUSAE: (ó wo ojú ẹ̀rọ) Yéè! Ta ló da ìlẹ̀kẹ̀ sílẹ̀ báyìí?

TADAO: Ìlẹ̀kẹ̀ kọ́, ọta ni.

FUSAE: Gbogbo eléyìí? Ó mà ń tanná bí òdòdó! Ẹni tó fẹ́ pa yín ló ń ṣe ọ̀ṣọ́ tó báyìí?

TADAO: Adùn ibẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ṣe é fara balẹ̀ tò ó, ó wá fi àlàfo sílẹ̀ fún ẹni tó bá lójú. Má wo ọta, àlàfo ni kó o máa wò.

FUSAE: Ẹ sáré gba ibẹ̀ nígbà náà!

TADAO: Ẹni tó bá sáré ló ń kú. Díẹ̀díẹ̀ la fi ń yẹ̀ ẹ́.

FUSAE: Ó bà yín! Ó bà yín lápá!

TADAO: Apá lásán ni. Tí ọta ò bá ti ba ojú kékeré tó wà láyà ọkọ̀ mi yẹn, n ò lè kú. Ìyókù, fáàrí ni.

FUSAE: Bọ́tìnì pupa yìí ńkọ́?

TADAO: Bọ́ǹbù ni. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, gbogbo ọta á pòórá, á sì ba ọ̀gá wọn náà.

FUSAE: Ẹ tẹ̀ ẹ́ o!

TADAO: Mo ń tọ́jú ẹ̀ de ọjọ́ ìṣòro.

FUSAE: Ọjọ́ wo wá lòní?

TADAO: Ìṣòro ò tíì dé.

FUSAE: Bẹ́ ẹ ṣe ń tọ́jú agboòrùn tuntun nìyẹn títí òjò fi pa yín dójú àìsàn. Ẹ gbọ́, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ ti ń kú níbí, ṣé bọ́ǹbù wà lọ́wọ́ yín?

TADAO: (ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀) Gbogbo ìgbà.

FUSAE: Háà! Olówó tébi pa kú!

(Ọta yí Tadao ká, àlàfo tán. Ìka rẹ̀ wà lórí bọ́tìnì pupa, kò tẹ̀ ẹ́. Fusae na ọwọ́, ó tẹ̀ ẹ́ gbàmù. Ojú ẹ̀rọ funfun báláú. Nígbà tó máa là, ọ̀gá wọn ti fọ́ túútúú.)

TADAO: Ó kú! Mo pa á! (Ó fò sókè. Ó tún jókòó, ojú rẹ̀ rọ.) Kò kà. Ọwọ́ ẹ kàn án.

FUSAE: Ìrẹsì tí ọwọ́ mi ń kàn lójoojúmọ́, ṣé kì í kà níkùn yín? Chigusa ńkọ́, ẹ̀yin nìkan lẹ bí i?

TADAO: (ó bú sẹ́rìn-ín, omi lé ròrò lójú rẹ̀) Ó kà, Ìyá Chigusa. A ti parí ẹ̀.

(Ẹ̀rọ náà figbe ta. Ọta tún ń ya bọ̀, ó pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.)

FUSAE: Ẹ ní a ti parí!

TADAO: Abala kejì ni! Ẹni tó bá fi owó ẹyọ kan pa ọ̀gá wọn nìkan ló ń rí i. N ò débí rí láyé mi!

FUSAE: (ó fìdí ti ọkọ rẹ̀ lórí àpótí) Ẹ sún. Ẹ̀yin ẹ máa yẹ ọta, bọ́tìnì pupa ti di tèmi. Bọ́wọ́ yín bá fi kàn án, kò ní kà!