Yàrá Tí Kò Ní Àbùkù

Nígbà tí àwọn ẹranko ṣì ń kọ́lé alámọ̀, tí ọmọ ènìyàn ṣì ń sùn sábẹ́ igi, Kìnnìún jọba ní Igbó Ayédùn. Ayédùn ni wọ́n ń pe ibẹ̀, kò sì sẹ́ni tó béèrè ẹni tí ayé náà ń dùn mọ́. Ìkookò ni alábòójútó ààfin. Iṣẹ́ rẹ̀ kò le rárá. Bí nǹkan bá bàjẹ́ nílé ọba, òun ni yóò lọ kó iṣu àti oyin àtúnṣe jọ lọ́wọ́ ará ìlú, òun náà ni yóò sì wá ibi tí yóò kó wọn sí. Ikùn rẹ̀ ló sábà máa ń kó wọn sí.

Lọ́dún kan tí òjò pọ̀, ògiri yàrá ìwọ̀-oòrùn ààfin sán díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ojú ibi tó sán náà kò fẹ̀ ju fọ́nrán òwú lọ. Túùpú, ẹlẹ́dẹ̀ igbó tó ń ṣọ́nà, ló kọ́kọ́ rí i, nígbà tó fẹ́ ti ilẹ̀kùn yàrá náà tí ilẹ̀kùn ń bá a ṣe agídí.

"Olóyè, ẹ jọ̀ọ́," ó sọ fún Ìkookò, "ilẹ̀kùn yàrá yẹn ti ń há. Ìsàlẹ̀ ògiri sì ń tutù bí imú ajá. Ẹ jẹ́ ká tètè wò ó."

Ìkookò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an. Ó gba iṣu, ó gba oyin láti ilé dé ilé, títí kan ilé Ehoro, opó tó ń dá tọ́ ọmọ rẹpẹtẹ. Ó jẹ iṣu náà, ó fi oyin sìn ín. Lẹ́yìn náà ló po ẹfun sínú igbá, ó fi kun ògiri, gbogbo rẹ̀ funfun báláú. Iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ wù ú.

Kò pẹ́ tí fọ́nrán òwú fi di okùn, tí okùn fi di ibi tí ìka lè wọ̀. Ikán fa ilà amọ̀ gba ara ògiri lọ sókè àjà. Lọ́jọ́ kan, obì já bọ́ lọ́wọ́ Kìnnìún nínú yàrá náà, ó sì ń dá yí lọ títí ó fi kan ògiri.

"Ó lọ kí àwọn bàbá yín ni, Kábíyèsí," ni Ọ̀bọ, agbẹnusọ ọba, wí. Kìnnìún rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ló ti máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ju obì sílẹ̀ níbẹ̀ kí àlejò lè wòran.

Túùpú tún wá sọ ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, Ìkookò kò dúpẹ́, ìgbìmọ̀ ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ.

"Kábíyèsí, ẹni tó bá ní ilé yín lábùkù, ẹ̀yin gan-an ló ń bú," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká fi ṣòfin. Ẹni tó bá sọ pé nǹkan kan ṣe ààfin, kó wá máa ro koríko àgbàlá títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi parí."

Wọ́n lu agogo lọ́jà, òfin sì múlẹ̀. Túùpú ló kọ́kọ́ roko náà. Ó ro ó mọ́ tónítóní, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, kò sì dárúkọ ilẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Nígbà tí òjò ọdún kejì bẹ̀rẹ̀, Kìnnìún béèrè ní ìgbìmọ̀ bóyá yàrá ìwọ̀-oòrùn ṣì dára. Erin ní ó dára. Ẹfọ̀n ní ó tilẹ̀ ń dára sí i ni. Ìkookò kò fẹ́ kí wọ́n fi ìyìn ta òun yọ.

"Kò síbi tó le tó o nínú ààfin yìí, Kábíyèsí," ó wí. "Ẹni tó bá rí irú yàrá bẹ́ẹ̀ sùn sí, kí ló tún kù tó ń wá láyé?"

Ó yẹ kó ti dákẹ́ ṣáájú ìgbà náà. Ojú ẹsẹ̀ ni Kìnnìún dáhùn pé, "Mo fi ta ọ́ lọ́rẹ. Kó ẹrù rẹ wá lónìí."

Ìkookò dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì pẹ́ nílẹ̀ kó tó dìde. Ẹ̀rù ń bà á gidigidi. Òun ló kun ẹfun náà, ó mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà ló tẹ́ ẹní sí, orí rẹ̀ nínú yàrá, ìdí rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí erùpẹ̀ díẹ̀ bá ti já bọ́ láti òkè, á fò sókè. Ó ń gbọ́ bí ikán ṣe ń jẹ igi àjà. Oyin kò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ó rù hangogo. Kò sì lè sọ pé yàrá kò dára. Bó bá sọ ọ́, yóò roko, wọn yóò sì tún bi í pé iṣu àtúnṣe dà. Ó wá rò ó pé òun yóò fi yàrá náà tọrẹ.

"Ọ̀rẹ́ mi," ó sọ fún Ọ̀bọ, "mo ti gbádùn níbẹ̀ tó. Ìwọ ló kàn."

Ọ̀bọ ṣí fìlà. "Èmi kẹ̀? Ọlá yẹn ti pọ̀ jù fún mi. Orí igi ni wọ́n bí mi sí."

Ẹfọ̀n ní ìwo òun yóò ha irú ògiri dáadáa bẹ́ẹ̀. Erin tilẹ̀ nu omijé nù. "Ìwà mi ò tíì tó èyí tó yẹ yàrá yẹn," ó wí. "Bó bá tó, n ó ránṣẹ́ sí ọ." Ìkookò dúró sójú kan lọ́dọ̀ Erin. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé gbogbo wọn ló ti rí ògiri náà tipẹ́tipẹ́.

Ìròyìn ìrẹ̀lẹ̀ wọn dé etí Kìnnìún, orí rẹ̀ wú. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí kò sẹ́ni tó fẹ́ dá ọlá náà jẹ, gbogbo àwọn ni yóò jọ jẹ ẹ́. Inú yàrá ìwọ̀-oòrùn ni ìgbìmọ̀ yóò ti máa jókòó.

Lọ́jọ́ ìpàdé, òjò ń rọ̀ kíkan. Àwọn olóyè ń bẹ ara wọn pé kí ẹnìkejì máa bọ́ síwájú, nítorí ìdí ilẹ̀kùn ni oníkálukú fẹ́ jókòó sí. Erin ló wọlé kẹ́yìn. Kìnnìún ní kó ti ilẹ̀kùn kí òjò má fẹ́ wọlé, Erin sì fi ìdí tì í pa. Ilẹ̀kùn náà ké bí ó ṣe ń wọnú férémù.

Kìnnìún ju obì sílẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, obì kò yí, sísáré ló sáré, ó gba abẹ́ ògiri bọ́ síta.

"Níbo ló lọ?" Kìnnìún béèrè. Ìṣù ẹfun kan já bọ́ lé fìlà Ọ̀bọ.

Ìkookò ló kọ́kọ́ dé ìdí ilẹ̀kùn. Ó fà á, kò mì. "Túùpú, bá wa tì í láti ìta. Ilẹ̀kùn ti há."

"Olóyè, mo gbọ́ ohùn yín," Túùpú dáhùn wọ́ọ́rọ́wọ́, "ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ilẹ̀kùn ààfin kì í há."

"Mo ní ó há. Ògiri ń wó lọ."

"Ẹ rọra o, Olóyè. Ẹ̀ẹ̀rùn ṣì jìnnà, koríko àgbàlá sì ti ga jù yín lọ."

Kìnnìún fúnra rẹ̀ wá sọ̀rọ̀. "Èmi ni. Mo fagi lé òfin yẹn."

"Kábíyèsí," ni Túùpú wí, "agogo ọjà la fi ń fagi lé òfin. Bí ẹ bá ti jáde, tí wọ́n lù ú, èmi ni n ó kọ́kọ́ gbà."

Wọ́n bẹ Erin pé kó ti ògiri. Kò tilẹ̀ tì í, ó kàn fara tì í ni. Ògiri sùn lọ sílẹ̀, ìdajì òrùlé ààfin tẹ̀ lé e. Ọba àti olóyè ń rá jáde nínú òjò, gbogbo wọn funfun fún ẹfun, ìrù Ìkookò kò sì jáde tán pẹ̀lú rẹ̀. Ará ìlú ti pé jọ, Ehoro àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà níwájú. Túùpú dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

"Ẹ kú ìjáde, Kábíyèsí," ó wí. "A dúpẹ́ pé kò sí ohun tó ṣe ààfin."

"Kò sí ohun tó ṣe ààfin," ni gbogbo ìlú jọ dáhùn, ohùn Ehoro ló sì ròkè jù.

Kìnnìún yíjú sí Ìkookò. "Níbo ni kí n sùn sí báyìí? Lọ kó iṣu àtúnṣe jọ."

Ìkookò kọjú sí àwọn èrò. Òjò ń pa á, ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ẹnìkan ṣoṣo tí yóò gbà fún un pé ilé ti wó.