Ẹ̀dá Ìtàn ní Ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀dà

Ní Choba, nítòsí géètì yunifásítì, ni Ṣùkúrù ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń ṣe fótókópì àti pósítà òkú. Láti àná ni Lateefah, ìyàwó rẹ̀, ti bínú lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Elelenwo. Moríyọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ ìtàn, wọlé, ó ń mí hẹlẹ.

"Bọ̀dá Ṣùkúrù, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ẹ̀dá ìtàn mi ló gbé mi wá."

"Ẹ̀dà mélòó?"

"Ẹyọ kan ni. Ọkùnrin ni."

Ṣùkúrù ti ń ki bébà bọ inú maṣíìnì. Ó dúró.

"Ẹ̀dà ọkùnrin? Bébà funfun nìkan ni mo ní o, kò sí bébà ọkùnrin."

"Ẹ̀dá ni mo wí, ẹ̀dà kọ́! Ẹni inú ìtàn. Adégbénga lorúkọ rẹ̀. Ó ṣẹ ìyàwó rẹ̀, ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà obìnrin náà, kò fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Láti àárọ̀ ni mo ti ń kọ ọ́, kò kúrò lójú kan. Aago mẹ́rin ni olùkọ́ mi ń gba ìwé."

"Ṣé kí n bá ọ tì í wọlé ni?"

"Eré ni ká jọ ṣe. Ẹ̀yin á di Adégbénga, èmi á di Ìkẹ́olúwa ìyàwó rẹ̀. Ohun tó bá wà lọ́kàn ọkùnrin náà ni kẹ́ ẹ máa sọ. Tọ́rọ̀ bá há, a ó ju dáìsì. Tó bá jẹ́ mẹ́fà, dandan ni kẹ́ ẹ sọ òótọ́."

Ó yọ dáìsì lúdò nínú báàgì. Ṣùkúrù ká ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀.

"Tẹ́tẹ́! Nínú ṣọ́ọ̀bù mi! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àìlà tán!"

"Kò sówó níbẹ̀, bọ̀dá. Irọ́ lásán la ó máa pa."

"Irọ́ ni? O ò tètè sọ! Abẹ́g, ká bẹ̀rẹ̀."

Moríyọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́yìn maṣíìnì. Ibẹ̀ di ilé ìyàwó. Ṣùkúrù kan ìdérí rẹ̀: kó, kó, kó.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo ní kí n wò ó bóyá o ti jẹun."

"Mi ò jẹun. Ṣé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ṣe?"

"Èmi kọ́. Maṣíìnì ni."

Moríyọ̀ yọrí.

"Bọ̀dá, apẹja ni Adégbénga. Ó gbàgbé ìyàwó rẹ̀ sétí omi, ó wa ọkọ̀ lọ. Kò ní maṣíìnì kankan."

"Ó dáa. Padà sílé rẹ." Ó kan ìdérí. "Èmi kọ́. Ẹja ni."

"Ẹja ṣe kí ni?"

"Ẹja ló mú fọ́tò tó o ní kí n sọ di ńlá, tó gbé e sórí pósítà màmá olóògbé kan, tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri láti Choba dé ọjà Oil Mill pé o ti sùn nínú Olúwa. Ìwọ, Lateefah, ọmọ Mùsùlùmí!"

Moríyọ̀ jáde pátápátá.

"Chai! Bọ̀dá, ṣé ẹnikẹ́ni rí i?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí i ní Oil Mill. Ó sunkún dé ilé wa. Lateefah ló ṣílẹ̀kùn fún un."

Moríyọ̀ rọra padà sẹ́yìn maṣíìnì. Ó ju dáìsì sórí ìdérí. Méjì ló jáde. Ó fi ìka yí i sí mẹ́fà.

"O yí i!"

"Èmi ni mò ń kọ ìtàn. Ta ló ṣe é?"

"Maṣí..."

"Ilẹ̀kùn ò ní ṣí o."

Ṣùkúrù wo maṣíìnì rẹ̀ títí. Ó kàn án lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

"Ta ló ṣe é?"

"Èmi yẹn náà ni. Má bínú."

Moríyọ̀ fò dìde.

"Ó ti sọ ọ́! Adégbénga ti sọ ọ́!"

Ó kọ ọ́ wàràwàrà sísàlẹ̀ ìwé, ó na ìwé síwájú. Ṣùkúrù ti pa maṣíìnì. Kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bọ̀dá, aago mẹ́rin fẹ́ẹ̀ lù o! Ẹ̀dà ìtàn mi ńkọ́?"

"Ẹ̀dá ìtàn rẹ ń lọ sí Elelenwo. Kí ẹ̀dà dúró dè é."