Ẹ̀fọ́ tí Láléyẹ Fi Du Àga Ilé-Ìwé

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹnu dùn-ún ròfọ́? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri ni, bí ẹni tó jogún ẹ̀wù tí kò mọ ẹni tó rán an. Ẹ sún mọ́ mi, kí n sọ ọ́ fún yín.

Ọkùnrin kan wà ní Ìdí-Ìyeyè tó ń jẹ́ Láléyẹ. Akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì. Kò wá níṣẹ́ mìíràn mọ́ ju kó jókòó síwájú ilé, kó máa kọ́ gbogbo ayé níṣẹ́ wọn. Tí bíríkìlà bá ń kọjá, á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń to búlọ́ọ̀kù. Tí aláboyún bá ń kọjá, á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rọbí.

Àyè kan wá ṣí sílẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìlú náà. Ìyá Mosún ni gbogbo ènìyàn rò pé yóò bọ́ síbẹ̀, torí òun ló ti ń se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ láti ọdún mẹ́sàn-án, ó sì mọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n Láléyẹ gbọ́ pé àga onítìmùtìmù ni wọ́n máa ń gbé fún ọmọ ìgbìmọ̀ níbi ayẹyẹ, wọ́n á sì máa pè é ní Ọnọrébù. Ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó ní òun náà ń du ipò.

Lọ́jọ́ ìpàdé àwọn òbí, Ìyá Mosún kò sọ ju gbólóhùn méjì lọ. "Òrùlé kíláàsì mẹ́ta ń jò. Òun ni n ó kọ́kọ́ wá ojútùú sí." Ó jókòó.

Láléyẹ dìde, ó gbé agbádá sí èjìká.

"Ẹ̀yin òbí, òjò kì í pa ọmọ tó bá yó! Oúnjẹ wo ni wọ́n tilẹ̀ ń fún wọn? Ẹ jẹ́ n débẹ̀, ẹ̀fọ́ ni n ó máa rò fún wọn. Ṣọkọ tútù yọ̀yọ̀! Epo pupa, irú, ẹja àrọ̀ tó gbẹ kanrankanran, pọ̀nmọ́ tó rọ̀ bí etí ọmọ tuntun! Ọmọ tó bá jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, á mọ ìṣirò kó tó dìrọ̀lẹ́."

Itọ́ ń dà lẹ́nu àwọn òbí. Bàbá arúgbó kan tilẹ̀ béèrè omi ìṣanwọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí.

Ìyá Mosún tún dìde. Kò bínú. "Ọjọ́rú ni ìdìbò. Ẹ wá ro ẹ̀fọ́ náà lọ́jọ́rú, Bàbá. Bí àwọn ọmọ bá jẹ ẹ́ tán, mo yọwọ́."

"Ẹ̀fọ́ lásán?" Láléyẹ rẹ́rìn-ín. "Kí ló wà nínú ẹ̀fọ́ rírò?"

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ wò ó bí ẹni ń wo àgbò tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sọ́dọ̀ alápatà.

"Bàbá Tinúadé, ṣé ẹ mọ ibi tí iyọ̀ wà nínú ilé yìí?"

"Ta ló ń wá iyọ̀?"

"Ẹ jẹ́ n kọ́ yín. Ó ṣì ku ọjọ́ méjì."

"Kí wọ́n kọ́ èmi ní ohun tí mo ti ṣàlàyé fún gbogbo ìlú?"

Obìnrin náà ní ó dáa. Láléyẹ fọ́nnu títí ilẹ̀ fi ṣú. Lóru, ó rò ó pé kí òun kúkú díbọ́n pé ara òun kò yá, ṣùgbọ́n ó rántí àga onítìmùtìmù.

Lọ́jọ́rú, ó wọ agbádá funfun tó le bí páálí wá sí ilé ìdáná. Àwọn ọmọ tó lé ní igba gbé àwo dání, ebi ń pa wọ́n. Láléyẹ kò ṣa ẹ̀fọ́, kò fọ̀ ọ́. Yanrìn àti kòkòrò bá a wọlé. Ó gbé epo kaná, ó wá ń bá àwọn olùdìbò sọ̀rọ̀ títí epo fi di èéfín dúdú. Bó ṣe da ẹ̀fọ́ tútù lé e, ó bú gbàù! Láléyẹ ta gìrì, apá agbádá rẹ̀ wọnú ìkòkò. Ó fà á yọ, ó fún un padà sínú ọbẹ̀, ó ní kí adùn má baà ṣòfò.

Ó wá ku iyọ̀. Ó rí ike kan lórí pẹpẹ tí nǹkan funfun wà nínú rẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ṣé Ọnọrébù ló máa béèrè iyọ̀? Ó bu ìkúnwọ́ méjì sí i. Ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú tí Ìyá Mosún fi ń fọ àwo ni.

Ọbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ó hó dé etí ìkòkò, ó ṣàn sílẹ̀, ó ń lé àwọn olùdìbò kiri.

"Ẹ ò rí i bó ṣe ń hó!" ni Láléyẹ kígbe. "Ṣé ti Ìyá Mosún ń hó báyìí?"

"Rárá o," ni Ìyá Mosún fèsì. "Àfi tí mo bá ń fọ àwo."

Ọmọ kankan kò na àwo. Ewúrẹ́ kan gbóòórùn rẹ̀, ó sín lẹ́ẹ̀mẹta, ó gba inú igbó lọ. Láléyẹ rí i pé ipò ti fẹ́ bọ́, ló bá bu ṣíbí kan mì lójú gbogbo ènìyàn.

"Ó dùn!" Bó ṣe la ẹnu, ìfófó ọṣẹ kan yọ jáde roboto, ó fò lọ bẹ́ sí imú ọ̀gá ilé-ìwé. Ó ní iná ni kò dáa; òmíràn yọ. Ó bẹ ìlú kí wọ́n dìbò fún òun. Mẹ́ta yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọmọ ń fò mọ́ ọn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Gaàrí àti ẹ̀pà ni Ìyá Mosún sáré pín fún wọn jẹ. Nígbà tí wọ́n ka ìbò, ẹyọ kan péré ni Láléyẹ ní, òun fúnra rẹ̀ ló sì dì í. Wọ́n bi ìyàwó rẹ̀ bóyá ọkọ rẹ̀ tilẹ̀ mọ ẹ̀fọ́ í rò rí.

"Ẹnu rẹ̀ kúkú mọ̀ ọ́n," ni obìnrin náà wí. "Ọwọ́ rẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n."

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tó ń to ìlérí lé ìlérí níwájú àwùjọ, ẹ má bá a jà. Ẹ gbé ìkòkò fún un, kí ẹ sì kó ọṣẹ yín pamọ́. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.